Ìyàwó Mi Tó Ń Ka Ẹ̀yìn Ènìyàn

Bí ẹ bá pàdé ìyàwó mi lójú pópó tí ẹ kí i, ẹ má bínú bí ó bá ń wò yín bí ẹni tí kò rí yín rí. Kì í ṣe ìgbéraga. Ojú ènìyàn ni kì í dúró sí i lórí. Ẹ jẹ́ kó dá yín lóhùn tán, kí ẹ yíjú padà, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ ò ní tíì rìn jìnnà tí ẹ ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn yín: "Àṣé ẹ̀yin ni. Ọwọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti jinná?" Ẹ̀yìn ló mọ̀. Bí èjìká ṣe rí àti bí ọrùn ṣe jókòó lé e, ìyẹn ló fi ń dá gbogbo ayé mọ̀, èmi ọkọ rẹ̀ náà kò sì yọ sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, Ìyá Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìparí ọ̀nà tóóró kan, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán eegun. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, fèrèsé tí wọ́n lẹ bébà mọ́ kí àwọn tó ń kọjá má baà yọjú, àti fìríìjì kékeré kan tí kì í ṣe oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀. Èròjà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú sìríǹjì tirẹ̀: irin inú yẹtí, dáì irun, gọ́ọ̀mù bàtà, òórùn dídùn inú lọ́fínńdà, rọ́bà inú ìbọ̀wọ́. Ẹni tí ara bá ń yún, tí awọ rẹ̀ ń bó, tí kò sì mọ ohun tó ń ṣe òun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni dókítà máa ń darí rẹ̀ sí. Ìyàwó mi á fi bíńtín bíńtín lára àwọn èròjà wọ̀nyí sínú ife pẹlẹbẹ tí kò tó bọ́tìnnì ẹ̀wù, á fi tápù lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn onítọ̀hún lọ́jọ́ Ajé, á fi ìkọ̀wé dúdú sàmì sí ẹ̀gbẹ́ wọn, á sì kìlọ̀ pé omi ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Lọ́jọ́rú á ṣí wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì á tún wò ó, nítorí ara ẹlòmíràn máa ń lọ́ra kó tó sọ tinú rẹ̀. Ibi tí awọ bá ti wú tó sì pọ́n, ohun tó wà nínú ife ibẹ̀ ni ara kọ̀.

Ó máa ń sọ pé ojú nìkan ò tó. Á fi ojú wò ó tán, á wá di ojú náà, á fi ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ rìn lórí ẹ̀yìn náà díẹ̀díẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dókítà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ, á tún fi ìka tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹnu wọn bá kò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá kò, wọ́n á tún un kà.

Ohun kan tún wà tí ìyàwó mi máa ń ṣe tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Kó tó lẹ ohunkóhun mọ́ ènìyàn lẹ́yìn, á kọ́kọ́ nu ẹ̀yìn náà. Àwọn tó ń wá bá a, láti ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀. Òógùn á ti bò wọ́n, eruku á ti lẹ̀ mọ́ wọn, ojú á sì máa tì wọ́n láti bọ́ ẹ̀wù níwájú obìnrin tí wọn ò mọ̀ rí. Ó ní bí òun bá ti nu ẹ̀yìn wọn, èjìká wọn máa ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì mí kanlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti táwẹ́lì ló ń lò. Nígbà tí wọ́n tún yàrá náà ṣe, àwọn ọlọ́gbọ́n kan yọ básíà ìfọwọ́ kúrò kí wọ́n lè rí àyè gbé kọ́bọ́ọ̀dù sí, kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún ò sì rí nǹkan kan kó sínú títí di òní. Omi wá jìnnà sí i. Ìyàwó mi bá ra wáìpù, èyí tí wọ́n fi ń nu ọmọ ọwọ́. Ó ní ohun tí ara ọmọ tuntun bá gbà, ta ni ara rẹ̀ máa kọ̀ ọ́?

Èmi, aago ni mò ń tún ṣe, aago náà ló sì mú wa pàdé. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó gbé aago ọwọ́ kan sórí tábìlì mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irin wo ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn aago yìí?" Mo bi í bóyá aago náà ò ṣiṣẹ́ ni. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ò kan òun. Aago náà ti fi àmì róbótó sára ẹni tó ni ín, òun sì fẹ́ mọ ohun tó fà á. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá ti ẹ̀yìn aago wá sọ́dọ̀ mi tí kò sì bìkítà nípa ojú rẹ̀. Mo ṣí i fún un, mo fún un ní awò olójú kan tí mo fi ń wo nǹkan kékeré, pé kó fi wo ara irin náà. Ó pẹ́ kó tó dá awò mi padà. Nígbà tó fi máa dá a padà, mo ti ń wá ohun tí màá fi dá a dúró.

Ohun tó bá rí lára ẹ̀yìn àwọn ènìyàn kì í parí sí yàrá rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn bíi tirẹ̀ pọ̀ ní oríṣiríṣi ìlú, gbogbo wọn a sì máa fi iye tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ibì kan ṣoṣo. Wọn kì í fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, iye lásán ni: èèyàn mélòó ni ara wọn kọ irin, mélòó ló kọ dáì, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ro ó pọ̀, tí wọ́n á sì fa ìlà sórí bébà, ìlà kan fún èròjà kan, kí gbogbo ayé lè rí èyí tó ń gòkè àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi bébà náà ránṣẹ́ padà. Ara ògiri ilé ìdáná wa ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí ilé mìíràn á lẹ kàlẹ́ńdà sí. Ọdún tí ìlà irin inú yẹtí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba ti kọ̀ fún àwọn tó ń ṣe yẹtí láti máa po irin yẹn mọ́ ọn bó ṣe wù wọ́n, ìyàwó mi yọ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. Mo ní kí ló kàn án nínú etí àwọn tí kò mọ̀ rí. Ó ní ìdí tí inú òun fi ń dùn nìyẹn, òun ò ní mọ̀ wọ́n láéláé, torí wọn ò ní wá.

Ìlà kan wà tí kò fẹ́ràn. Èròjà kan ni, tí wọ́n ń kán sínú nǹkan olómi kó má baà bàjẹ́: ọ̀dà ara ilé, ṣampú, ọṣẹ ìfọwọ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an gùn ju kí n pè é tán lọ, nítorí náà Mábàjẹ́ ni mo sọ ọ́. Ìlà Mábàjẹ́ ń gòkè ní gbogbo ìlú, ìyàwó mi sì mọ ọ̀kan nínú ohun tó ń gbé e gòkè. Kò sí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí kì í bi léèrè pé, "Ṣé ẹ máa ń lo wáìpù nílé? Ẹ lọ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ dáadáa." Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún wọn, tí páálí wáìpù tirẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, onídìrí ni. Nígbà tí ìyàwó mi wọlé wa, Òpéléńgẹ́ ló ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ nígbà náà. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ń gbà á pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò. Òun nìkan ló ń ṣe irun ìyàwó mi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n máa ń jókòó pọ̀, tí wọ́n á máa bú mi pẹ̀lú ìfẹ́.

Ọwọ́ Òpéléńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Àwọn ìka rẹ̀ là, wọ́n ń ṣomi, ó sì ń fi aṣọ wé wọn sùn. Ó gbé ọwọ́ náà lọ sí yàrá ìyàwó mi, wọ́n nu ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n lẹ ohun tó yẹ kí wọ́n lẹ̀, wọ́n sì kà á. Ẹ̀yìn náà ti bínú. Mábàjẹ́ wú, dáì irun wú, àwọn méjì mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà wú. Ìka ìyàwó mi àti ìka dókítà kò. Dáì ló sì burú jù lójú gbogbo wọn, nítorí onídìrí ò lè sá fún dáì. Ìyàwó mi ló bá a sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Òpéléńgẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àga ìdirun méjèèjì fún ẹni tó fẹ́ rà wọ́n, ó gbé dígí ńlá ara ògiri sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì lọ ń gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ sàn. Inú rẹ̀ ni kò sàn. Kò bá wa jà, kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan, ó kàn dẹ́kun wíwá ni. Bí mo bá lọ kí i, á fún mi lómi, á bèèrè àlàáfíà mi, kò ní bèèrè ti ìyàwó mi. Ìyàwó mi náà ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan irun òun. Ó wé gèlè bò ó, láàárọ̀, lálẹ́, níbi iṣẹ́, nílé. Ó dùn mí púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni mí, ọkọ ni mí, kò sì sí èyí tí mo lè fi yanjú rẹ̀ nínú méjèèjì.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí obìnrin tó ń bójú tó àkójọ iye náà fi pe ìyàwó mi lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀, mò ń bó ọsàn. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni obìnrin náà, ó sì ń wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà ò fi ní dunni.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Iye tó ń wá láti ọ̀dọ̀ yín ń yà wá lẹ́nu. Ó ti tó ọdún kan báyìí. Àwọn èèyàn yín, tí ara wọn bá kọ ọ̀kan, ó máa ń kọ mẹ́rin. Ìlú mìíràn ò rí bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí mo rí ni mò ń kọ."

"Mo mọ̀. Ṣé kò sí ohun kan tó yí padà níbi iṣẹ́ yín ni?"

"Kò sí."

"A ń rò ó pé ká kọ́kọ́ yọ iye tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́dún yìí, títí a ó fi mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó mi ní kò burú, ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó kọjú sí mi. "Aláago, wọ́n ní mi ò mọ ẹ̀yìn kà mọ́." Mo ní wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ, wọ́n kàn fi ṣúgà sí i ni. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, èmi nìkan ló jẹ ẹ́.

Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ojú rẹ̀ le. Ó ra èròjà tuntun, ó ní bóyá ti tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Ó pààrọ̀ tápù. Ó ní kí dókítà máa kọ́kọ́ kà kí òun tó kà, kí ìka òun má baà darí tirẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Mo ń rí i nígbà mìíràn tó ń fi ìka rẹ̀ pa ara tábìlì, ojú rẹ̀ ní dídì, ó ń wá ibi tí kò tẹ́jú.

Awakọ̀ tírélà kan ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ̀. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ó ń làágùn bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un láti làágùn. Ìyàwó mi nu ẹ̀yìn rẹ̀, ó lẹ àwọn ife mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé òógùn á ṣí wọn, nítorí náà ó fi tápù fífẹ̀ kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ la ẹ̀yìn náà kọjá lókè, kó lè di gbogbo rẹ̀ mú. Nígbà tó ṣí wọn lọ́jọ́rú, abẹ́ àwọn ife wú gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ń wú láti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n abẹ́ tápù òfìfo náà wú pẹ̀lú. Kò wú tán. Apá kan pọ́n, apá kejì mọ́ tónítóní, ààlà tó sì wà láàárín wọn tẹ̀ bí apá òrùka. Tó bá jẹ́ tápù ló ṣe é, ibi gbogbo tí tápù dé ni ì bá pọ́n. Ìyàwó mi dúró síwájú ẹ̀yìn náà títí awakọ̀ fi ní, "Màmá, ṣé ẹ ṣì wà ńbẹ̀?"

Ọ̀sán ni nígbà tí ìyàwó mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò jókòó. Ó yọ páálí wáìpù kan jáde nínú báàgì rẹ̀.

"Aláago, ẹ dìde. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi."

Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fa wáìpù kan yọ, ó sì fi nu ẹ̀yìn mi lórí ṣẹ́ẹ̀tì, bó ṣe máa ń nu gbogbo ènìyàn: láti èjìká ọ̀tún, yí bìrí wá sí àárín, sọ̀kalẹ̀ lọ sí òsì. Ó wá ní kí n má yí padà. Mo gbọ́ tó ń mí. Lẹ́yìn ìgbà náà ló gbé dígí kékeré tí mo fi ń hàn àwọn oníbàárà ní ọwọ́ wọn, ó gbé e sí ibi tí màá ti rí ẹ̀yìn ara mi. Omi ti fa ìlà kan sára ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó tẹ̀ bí apá òrùka.

"Ohun tó wà lára awakọ̀ nìyẹn," ó ní. "Ọwọ́ mi nìyẹn."

Ó gba awò olójú kan mi, ó so ó mọ́ ojú, ó sì ka ẹ̀yìn páálí náà lábẹ́ iná tábìlì. Lẹ́tà wọn kéré ju ti ara aago lọ. Omi ló ṣáájú, òróró tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òdòdó kan báyìí. Níparí pátápátá ni Mábàjẹ́ wà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ tó gùn bí ìrìn àjò. Ó yọ awò náà lójú, ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ka ẹ̀yìn páálí tiwọn." Ó wá jókòó.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo sì mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gba Mábàjẹ́, wáìpù náà ò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, ìyàwó mi ti fi pa gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi tápù dé e mọ́bẹ̀. Ẹ̀yìn náà á bínú. Ẹ̀yìn tó bá sì ti bínú, gbogbo ohun tó bá wà lórí rẹ̀ ni yóò dà bíi pé ó jẹ̀bi. Àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ara wọn kò gba Mábàjẹ́, òótọ́ ni. Èròjà mẹ́ta yòókù tí wọ́n kọ sílẹ̀ mọ́ ọn, bóyá ni.

Mo ní, "Àbí Òpéléńgẹ́..."

"Mo mọ̀," ó ní. "Kì í ṣe òun nìkan, ṣùgbọ́n mo mọ̀."

Kò fi pamọ́. Ó sọ fún dókítà, dókítà wo páálí náà títí, ó ní òun náà ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún odindi ọdún, nítorí náà àwọn méjèèjì ló ni ín. Ìyàwó mi pe obìnrin àkójọ iye, ó ní kí wọ́n má kàn yọ iye tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ ìlà náà kí ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ iwájú má baà ṣìnà. Obìnrin náà pe àwọn yàrá yòókù kiri àwọn ìlú, pé kí kálukú wo ohun tó fi ń nu ènìyàn. Yàrá méjì ló dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ìyàwó mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ti kà lọ́dún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n padà wá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Oníbàtà kan bú u, ó gbà á. Gbogbo wọn ló pè tán, ó ku ẹnìkan tí kò ṣeé pè lórí fóònù.

Kí a tó lọ bá Òpéléńgẹ́, ó ní, "Tí a bá tún un ṣe, tó sì jẹ́ pé dáì náà ni lóòótọ́ ńkọ́? Màá ti ṣí egbò náà lẹ́ẹ̀mejì." Mo kàn bá a gbé báàgì.

Òpéléńgẹ́ ń ká aṣọ tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí a wọlé. Ìyàwó mi ò jókòó, ó kúnlẹ̀ sí ibi tí ó wà.

"Òpéléńgẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣe àṣìṣe lórí ẹ̀yìn yín." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, wáìpù, awakọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì mi, kò bu iyọ̀ sí i. Ó ní, "Mi ò sọ pé dáì ò ṣe yín. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé mo sọ fún yín pé mo mọ̀, n kò sì mọ̀."

Òpéléńgẹ́ ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó tú u, ó tún un ká.

"Mo ti ta àga mi," ó ní.

"Mo gbọ́."

"Àga tí mo fi ọdún mélòó kó owó rẹ̀ jọ."

"Ẹ má bínú."

"Ìyàwó wa, o mọ ohun tó ń ṣe mí ní gbogbo ìgbà yìí? Kì í ṣe àga. Ọjọ́ tó o nu ẹ̀yìn mi yẹn, mo gbádùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò nu ẹ̀yìn mi mọ́ láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ. Mo wá ń ronú pé ẹni tó ṣe mí jẹ́jẹ́ báyìí, òun náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú mi ò mọ èyí tó máa gbé." Ojú rẹ̀ ti kún fún omijé. "Ó wá jẹ́ pé nínù tó o nù mí náà ló fà á."

Ìyàwó mi na ọwọ́ mú aṣọ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bá a ká a.

Òpéléńgẹ́ ní, "Èmi ò fẹ́ wáìpù o."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé fúláàsì omi gbígbóná àti táwẹ́lì funfun tẹ̀ lé wọn gba ọ̀nà tóóró náà. Mo da omi, ìyàwó mi tọ́ ọ wò kó tó fi nu ẹ̀yìn àbúrò mi, láti èjìká ọ̀tún, yí bìrí. Lọ́tẹ̀ yìí ó nù ún tán, ó fi táwẹ́lì gbígbẹ nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́rú, wọ́n ṣí i. Mábàjẹ́ nìkan ló wú. Dókítà mirí, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n dáì máa ń lọ́ra, kí a má tíì yọ̀. Kò sí ẹni tó yọ̀. Láàárín ọjọ́rú sí ọjọ́ Ẹtì, mo tú aago kan, mi ò sì rántí bí mo ṣe máa tò ó padà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Òpéléńgẹ́ bọ́ ẹ̀wù, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó di ọwọ́ mọ́ ara bẹ́ẹ̀dì. Dókítà kọ́kọ́ kà á, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi wò ó. Ó di ojú. Ìka rẹ̀ kọjá lórí Mábàjẹ́, mo rí i tó gòkè níbi tó wú tó sì sọ̀kalẹ̀. Ó kọjá lórí rọ́bà. Ó dé orí dáì, ó kọjá, ó padà, ó tún kọjá. Ó tún padà.

"Ìyàwó wa," Òpéléńgẹ́ ní, "má fi mí ṣeré."

"Ó tẹ́jú," ìyàwó mi ní. "Dáì ò ṣe yín. Ṣampú tí ẹ fi ń fọ irun oníbàárà ni. Ṣampú nìkan ni ẹ máa pààrọ̀."

Òpéléńgẹ́ ò yí padà. Èjìká rẹ̀ ń mì. Dókítà jáde, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn náà àbúrò mi fi ẹ̀wù bo ara, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì tó ti jinná, ó sì tú gèlè orí ìyàwó mi láì tọrọ àyè. Ó ki ìka bọ irun náà. Ó tú u síbí, ó tú u sọ́hùn-ún, ó fi imú fẹ́ atẹ́gùn.

"Láti ìgbà yẹn?"

"Láti ìgbà yẹn."

"O jẹ́ kó dà báyìí?"

Ìyàwó mi mi orí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òpéléńgẹ́ fi ẹsẹ̀ fa àga tó wà nítòsí, ó ní kó jókòó, kó kọ ẹ̀yìn sí òun.